Èéfín ilé ìyọ́ álúmíníọ̀mù tó ń fi ọ́ìlì dúdú dáná: ṣé tówà omi ni ká tún ṣe, àbí ká lọ sí àpò asẹ́?

Oníléru_Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Ilé ìyọ́ álúmíníọ̀mù kan wà lẹ́yìn Ìlọrin, lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Àlòkù ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀: agolo, férémù wíńdò, orí ẹ́ńjìnì, ìkòkò tó ti lu. Ìléru kan ṣoṣo ni, ó ń gba 300 kg lẹ́ẹ̀kan. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì ni wọ́n fi ń dáná, lítà 40 ní wákàtí kan, wákàtí 8 lójúmọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ìborí onírin wà lórí ìléru. Páìpù ínṣì 8 gbé èéfín lọ sínú tówà omi tí wọ́n fi dúrọ́ọ̀mù lítà 210 mẹ́ta wẹ́ lé ara wọn. Ṣáwà mẹ́rin ló ń da omi lé èéfín lórí, omi náà sì ń yí padà láti inú táńkì kan. Fáànù 2.2 kW ló ń fà á, ó wá ń tú u sí ṣímínì mítà 6.

Eérú tó tóbi ti dín kù. Èéfín dúdú ń jáde bó ṣe ń jáde kí tówà tó wà. Omi táńkì ti dúdú, ó ń ta èèyàn lára, ìdí dúrọ́ọ̀mù tó wà nísàlẹ̀ sì ti lu. Bí wọ́n bá sọ tábúlẹ́ẹ̀tì ìyọ-gáàsì àti iyọ̀ sínú irin yíyọ́, èéfín funfun á sọ, á máa ta àwọn ará àdúgbò nímú. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, sì ti ní kí wọ́n mú ìwọ̀n ohun tó ń jáde lẹ́nu ṣímínì wá.

Ṣé kí wọ́n fi ṣáwà kún tówà yìí ni, àbí kí wọ́n wó o, kí wọ́n ṣe ilé àpò asẹ́, ìyẹn àpótí ńlá tí àpò aṣọ tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú èéfín wà nínú rẹ̀? Bó bá jẹ́ àpò, báwo ló ṣe máa tóbi tó? Owó tó wà nílẹ̀ kò lè ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

---

Ọmọ_Òmù-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́, Oníléru. Ẹ má fi ṣáwà kún un. Tówà yẹn ti ṣe ìwọ̀n tí irú rẹ̀ lè ṣe. Eérú tó ju máíkírọ́ọ̀nù 10 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú 100 mìlímítà, ó wúwo, á lọ lu ẹ̀kán omi, omi á gbé e. Dúdú inú èéfín ọ́ìlì kò tó máíkírọ́ọ̀nù 1. Ó fúyẹ́ débi pé bí afẹ́fẹ́ bá yà fún ẹ̀kán omi, òun náà á bá a yà. Ogún ṣáwà kò lè mú un. Kí omi tó lè mú irú rẹ̀, èéfín gbọ́dọ̀ gba ọ̀fun tóóró kan kọjá, eré rẹ̀ níbẹ̀ á wà láàárín mítà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú omi bíi lítà 1 fún m³ gáàsì kọ̀ọ̀kan. Fáànù tó máa fa ìyẹn yóò fẹ́ prẹ́ṣọ̀ 7 sí 10 kPa. Àpò asẹ́ tó mọ́ kì í gbà ju 1.5 kPa lọ. Ẹ fi ìyẹn ṣírò dísù jẹnẹrétọ̀ fún ọdún kan, ẹ ó rí i pé ọ̀fun omi kò bá ilé iṣẹ́ yín mu.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra àpò kankan, ẹ tún iná yín ṣe. Ọ́ìlì tí kò jó tán ni èéfín dúdú. Bí ẹ bá gbé e bẹ́ẹ̀ lọ bá àpò, ọ̀rá inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ aṣọ, àpò á dí pa, kò sì sí bí ẹ ṣe lè gbọ̀n ọ́n nù.

Afẹ́fẹ́ lẹ kọ́kọ́ máa wò. Lítà ọ́ìlì kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi m³ 10 kó tó jó tán. Ẹ fi ìdámẹ́rin rẹ̀ lé e, ó di 12.5. Fún lítà 40, m³ 500 ni blówà gbọ́dọ̀ máa fẹ́ sí bọ́nà ní wákàtí kan. Púpọ̀ nínú blówà tí wọ́n ń so mọ́ irú ìléru yìí kò tó bẹ́ẹ̀, èyí tó sì tó, eruku ti dí ẹnu tó fi ń fa afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi nínú táńkì fún ọjọ́ méjì kí omi àti ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀. Táàpù tí ẹ fi ń fà á kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìdí táńkì, kí táàpù kejì wà ní ìdí gan-an láti máa fi jọ omi nù. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì mú un gbóná sí 70 sí 90°C kó tó dé nọ́sù. Ọ́ìlì tútù ki, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́. Ó máa ń já ní ẹ̀kán ńlá, ara ẹ̀kán á jó, inú rẹ̀ á di dúdú. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 90, torí omi tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ máa hó ní 100, iná á sì máa ta pàù, á máa kú.

Ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná ni èéfín ń pọ̀ jù, nítorí bíríkì ìléru ṣì tutù. Gáàsì ìdáná ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ara bíríkì bá ti pọ́n ni kí ẹ tó ṣí ọ́ìlì.

Àlòkù náà ńkọ́? Ẹ yọ rọ́bà, wáyà àti ike kúrò, ẹ jẹ́ kí orí ẹ́ńjìnì ro ọ́ìlì rẹ̀ dànù, kí ẹ sì máa kó o sí i díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá rọ́ agolo tí wọ́n kùn lọ́dà, àádọ́ta kílò, sínú iná lẹ́ẹ̀kan, kò sí bọ́nà tó lè jó èéfín rẹ̀ tán. Gbogbo àlòkù gbọ́dọ̀ gbẹ. Omi tó bá wọ abẹ́ irin yíyọ́, bíi bọ́ǹbù ló ń bú. Ìdí kan nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí omi bá ṣì máa wà nínú iṣẹ́ yìí rárá, kò gbọ́dọ̀ sí lórí ìléru tàbí níbi tó ti lè ṣàn padà gba inú páìpù.

Fún ìdánwò, ẹ fa èéfín díẹ̀ gba orí bébà asẹ́ funfun láti ara ihò kékeré lára páìpù. Bí ojú bébà bá dúdú, iná kò tíì dáa. Bí ẹ bá rí mítà tó ń ka ọ́síjìn, kí ó wà láàárín 4 sí 6 nínú 100 ní ẹnu ìléru, kí afẹ́fẹ́ ìborí tó dà á pọ̀.

---

Wẹ́dà_Ọ̀fà

Ọ̀rọ̀ àgbà ni Ọmọ_Òmù-Àrán sọ. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìwọ̀n irin kalẹ̀.

Láàárín ìléru àti ìborí, ẹ mọ yàrá iná kejì pẹ̀lú bíríkì tó ń gba iná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí èéfín dúró ní 850°C fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí ọ̀dà àti ọ̀rá inú rẹ̀ jó tán. Lítà 40 ọ́ìlì ń mú gáàsì bíi m³ 520 jáde ní wákàtí kan, tí a bá wọ̀n ọ́n ní 0°C. Ní 850°C ó ti wú di 2,140, ìyẹn 0.59 m³ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá méjì, 1.2 m³. Yàrá tí inú rẹ̀ jẹ́ 0.8 m ní ìbú, 0.8 m ní gíga àti 1.9 m ní gígùn tó. Bọ́nà gáàsì kékeré kan ní ẹnu rẹ̀, òǹkà ìgbóná ní ìparí rẹ̀. Kì í ṣe ní ẹnu rẹ̀ o! Ẹnu rẹ̀ máa ń ka 850 nígbà tí ìdí ṣì wà ní 600.

Lẹ́yìn yàrá yìí, ẹ ní láti mú un tutù. Àpò pọ́líẹ́sítà kò gbọdọ̀ rí ju 130°C lọ. Árámíìdì, irú aṣọ àtọwọ́dá kan tó ń gba ooru, ń gba 200. Aṣọ gíláàsì tàbí PTFE (irú ike kan tó ń gba ooru gan-an) ń gba 260, ṣùgbọ́n ó wọ́n, aṣọ gíláàsì sì máa ń ṣẹ́ bí àpò bá ń gbọ̀n. Árámíìdì ni mo fẹ́ kí ẹ lò, kí ẹ fi 180°C ṣe ojú ìlà. Bí ẹ bá fi afẹ́fẹ́ tó ń gba ìborí wọlé tu ú láti 850 sí 180, gbogbo rẹ̀ á tó nǹkan bíi 5,200 m³ ní wákàtí. Bó bá jẹ́ pọ́líẹ́sítà ní 130, ẹ ó nílò afẹ́fẹ́ tó pọ̀ sí i gan-an, gbogbo rẹ̀ á súnmọ́ 7,400. Fáànù á tóbi, ilé àpò á tóbi. Àpò tó dín owó ló máa wá gbówó jù.

5,200 m³ ní wákàtí jẹ́ 87 m³ ní ìṣẹ́jú kan. Fún eruku wẹ́wẹ́ bíi tiyín, ẹ má jẹ́ kí ju 1.2 m³ gba ara 1 m² aṣọ ní ìṣẹ́jú kan. Aṣọ 72 m² nìyẹn. Àpò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 130, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 2.4 m, ó ní 0.98 m². Ẹ fi 80 sí i, ìlà 8, mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ ó ní 78 m². Kí èéfín wọlé láti ìsàlẹ̀, kí páànù kan wà níwájú ẹnu páìpù láti gba eruku tó ń sáré, kí ó má baà máa gbá àpò ìlà àkọ́kọ́. Àìsí páànù yìí ló sábà máa ń fa kí ìlà kan ṣoṣo máa ya, kí ìyókù máa dára.

Páìpù: eré mítà 18 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn fún yín ní ìbú mìlímítà 320. Ínṣì 8 tó wà níbẹ̀ kéré jù, ó máa fún èéfín lọ́rùn. Bí páìpù bá sì tóbi ju bó ṣe yẹ, eré rẹ̀ á lọ sílẹ̀, eruku á jókòó sínú rẹ̀.

Ìfẹ́nù àpò: kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ní bar 5 sí 6, fáàfù kan fún ìlà kan, kí ó máa fẹ́ ní ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Omi inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ máa jọ ọ́ nù láràárọ̀, nítorí bí ẹ bá fẹ́ omi sínú àpò, eérú á di ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Fún géèjì tí ẹ ó fi mọ̀ bóyá àpò ti ń dí, rọ́bà tó mọ́ gaara kan, tí ẹ tẹ̀ bí U tí ẹ sì rọ omi sí, tó: ẹnu kan sí apá ibi tó dọ̀tí, ẹnu kejì sí apá ibi tó mọ́. Bí omi bá yàtọ̀ ní mìlímítà 100 sí 150, ó dáa. Bó bá wọ 200, àpò ti ń dí. Bó bá já wálẹ̀ lójijì sí 30, àpò kan ti ya tàbí ti já kúrò lẹ́nu ihò rẹ̀.

Fáànù á wà lẹ́yìn àpò, níbi afẹ́fẹ́ mímọ́, mọ́tò 7.5 kW. Ẹ ti ìlẹ̀kùn páìpù rẹ̀ tì nígbà tí ẹ bá ń tan án. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju ti 180°C lọ, mọ́tò lè jó bí ẹ bá tan án tòun ti ìlẹ̀kùn ṣíṣí.

Ẹ fi sàíkílóònì kékeré kan, ìyẹn àgbá onírin tó ń mú èéfín yí bìrì kí ohun tó wúwo inú rẹ̀ lè já sísàlẹ̀, ṣíwájú àpò. Kò lè mú dúdú, ṣùgbọ́n ó máa mú ẹ̀ta iná. Ẹ̀ta kan ṣoṣo tó bá bà lé àpò, ihò nìyẹn.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní kókó: eruku tí wọ́n ń lọ̀ kúrò lára ìkòkò pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlọ̀, ẹ má so páìpù rẹ̀ mọ́ ilé àpò yìí láéláé. Eruku álúmíníọ̀mù wẹ́wẹ́ nínú àpótí tó dé pa, pẹ̀lú ẹ̀ta iná, yóò bú gbàmù ni.

---

ÌyáLáàbù

Ẹ káàbọ̀ o, gbogbo yín. Àwọn ẹ̀gbọ́n ti sọ ti eruku. Èéfín funfun tó ń ta imú yẹn, gáàsì ló wà nínú rẹ̀, àpò lásán kò lè mú gáàsì.

Kílóríìnì inú tábúlẹ́ẹ̀tì àti iyọ̀ ló ń di ásíìdì nígbà tó bá pàdé ooru omi inú afẹ́fẹ́. Imí ọjọ́ inú ọ́ìlì náà ń jó di gáàsì ásíìdì tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jẹ ìdí dúrọ́ọ̀mù. Ẹ kọ́kọ́ dín in kù láti orísun: tábúlẹ́ẹ̀tì oníkílóríìnì ṣeé fi gáàsì náítírójìn tàbí ágọ́ọ̀nù rọ́pò. Wọ́n á fẹ́ ẹ gba ọ̀pá gírááfáìtì sínú irin, ó máa yọ gáàsì inú irin bẹ́ẹ̀ náà, kò sì ní ta ẹnikẹ́ni nímú.

Èyí tó bá kù, láìmù gbígbẹ (lẹ́búlẹ́bú funfun tí a ń rí láti ara òkúta sísun, kì í ṣe èso) la ó fi mú un. Ẹ máa tú u sínú páìpù ní mítà díẹ̀ ṣáájú ilé àpò. Á lẹ̀ mọ́ ara àpò, gáàsì á sì máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń ṣe jù. Ìṣirò rẹ̀: ọ́ìlì lítà 320 lójúmọ́ wọ̀n tó 288 kg. Bí imí ọjọ́ inú rẹ̀ bá jẹ́ 0.5 nínú 100, 1.44 kg ni. Tó bá jó, ó di gáàsì 2.9 kg. Lórí ìwé, láìmù 3.3 kg tó o. Ṣùgbọ́n láìmù gbígbẹ kì í rí gbogbo gáàsì mú, nítorí náà ẹ fi ìlọ́po méjì sí mẹ́ta rẹ̀ sí i, 7 sí 10 kg lójúmọ́. Ti kílóríìnì, kílò láìmù kan fún kílò ásíìdì kan lórí ìwé. Òun yá láti mú ju ti imí ọjọ́ lọ.

Kí èéfín àkọ́kọ́ tó kan àpò tuntun, ẹ bu láìmù tàbí mábù Ìgbẹ́tì tí wọ́n lọ̀ kúnná sí i lára. Gíráàmù 250 fún 1 m² ni, ó jẹ́ 20 kg fún àpò 80. Ìpele yìí ló máa gba ọ̀rá dípò aṣọ.

Ìgbóná ilé àpò kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ jù bí kò ṣe gbọdọ̀ ga jù. Bó bá já sí ìsàlẹ̀ 140, ásíìdì imí ọjọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ bí ìrì sí ara irin. Ẹ wé ilé àpò ní fíbà, pàápàá ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí eérú ń kó sí. Láìmù tó ti mu kílóríìnì tún máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Lásìkò òjò, tí ẹ bá pa ẹ̀rọ tí ẹ sì lọ sílé, ẹ ó bá a láàárọ̀ bí amọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá pa iná, ẹ jẹ́ kí fáànù máa fa afẹ́fẹ́ mímọ́ fún ìṣẹ́jú 20 sí i, kí ẹ gbọn àpò, kí ẹ kó eérú jáde lọ́jọ́ náà.

Eérú yẹn ní òjé àti síǹkì nínú. Dúrọ́ọ̀mù olómorí, lábẹ́ òrùlé, títí ẹni tó ní ìwé àṣẹ á fi gbé e. Kì í ṣe ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi dí kòtò ọ̀nà. Omi dúdú tó wà nínú táńkì yín báyìí, bákan náà: ẹ fi láìmù pa ásíìdì rẹ̀ títí pH á fi wà láàárín 8 sí 9, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ ré ọ́ìlì orí rẹ̀, ẹ yọ ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀, kí láàbù sì yẹ omi òkè rẹ̀ wò. Ẹ jọ̀wọ́, kó má wọ gọ́tà tó ń lọ sí odò Asà, kó má sì jìn sí kòtò tó súnmọ́ kànga ẹnikẹ́ni.

Fún ìwọ̀n tí NESREA béèrè, ihò méjì lára ṣímínì, ínṣì 4, kí wọ́n kọjú sí igun ara wọn ní 90°. Ibi tí páìpù ti gún gbọọrọ ni kí wọ́n wà: ìlọ́po mẹ́jọ ìbú páìpù lẹ́yìn kọ́nà tàbí fáànù, ìlọ́po méjì ṣáájú ẹnu. Fún mìlímítà 320, 2.56 m àti 0.64 m. Ẹ wẹ́ àkàbà àti pẹpẹ tó ní ọwọ́ ìdìmú mọ́ ọn, torí èèyàn ló máa dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ.

---

Ará_Ọjà

Ṣé kò ní dín owó bí wọ́n bá kàn gbé ṣímínì lọ sí mítà 15 ná?

---

ÌyáLáàbù

Ará_Ọjà, ṣímínì gíga ń fọ́n ọn ká ni, kò yọ kílò kan kúrò nínú rẹ̀. Lásìkò òjò, gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, nígbà ọyẹ́ ó ń bọ̀ láti àríwá ìlà oòrùn. Ẹ ó kàn máa pààrọ̀ àdúgbò tó ń fà á símú ni. Bí wọ́n bá ti ṣe àpò tán, kí ṣímínì ga ju òrùlé tó wà nítòsí lọ, ìyẹn dáa.

---

Oníléru_Ìlọrin

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Bí iná ìjọba bá lọ lójijì nígbà tí ìléru gbóná, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àpò? Kí ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ ná owó lé?

---

Wẹ́dà_Ọ̀fà

Ẹ so fáàfù ọ́ìlì àti ti gáàsì mọ́ fáànù ilé àpò: bí fáànù bá dúró, fáàfù á ti ara rẹ̀, kí iná bọ́nà kú. Ẹ fi ìlẹ̀kùn kan sí ara páìpù kó tó dé sàíkílóònì, irú èyí tí ìwúwo ara rẹ̀ ń ṣí bí iná bá lọ, tí yóò jẹ́ kí ooru tó kù gba òkè jáde. Òǹkà ìgbóná tó wà lẹ́nu ilé àpò náà gbọ́dọ̀ lè ṣí ìlẹ̀kùn yìí bó bá kọjá 195. Ẹ dán an wò lóṣooṣù nígbà tí ìléru tutù, torí eruku máa ń mú ìdè rẹ̀ le.

---

Ọmọ_Òmù-Àrán

Lórí owó: blówà, ìgbóná ọ́ìlì àti gáàsì ìbẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Òun ló dín owó jù, ọ́ìlì tí wọ́n ń rà sì máa dín kù pẹ̀lú. Kí wọ́n gbé náítírójìn rọ́pò tábúlẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ kan náà. Yàrá iná kejì ló tẹ̀lé e. Kí wọ́n tún wọn èéfín lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n tó ra àpò, torí iye eruku tó bá ṣẹ́kù nígbà náà ni wọ́n máa fi pinnu iye ìgbà tí fáàfù á máa fẹ́ àpò nù. Ní ti tówà omi, kí wọ́n gbẹ́ omi inú rẹ̀ bí ÌyáLáàbù ṣe wí, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà èéfín lọ́jọ́ tí àpò bá wọlé. Bí èéfín bá kọ́kọ́ gba inú omi kọjá, tútù ló máa dé ọ̀dọ̀ àpò, àpò ò sì ní lò pẹ́.